Ìdá Kẹta Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Wá Gbà

Ṣọ́ọ̀bù Adìwé,
Ojúlé Kẹsàn-án,
Òdìkejì Géètì Yunifásítì.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìwọ tó ń ka lẹ́tà yìí sí àbúrò mi létí, jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, torí etí òsì yẹn ti ń ṣe bíi pé òun ò gbọ́. Ẹ̀yin ará ilé tó kù, ẹ pa rédíò yẹn, ẹ gbójú kúrò lára fóònù, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀, àmọ́ ó gbóná.

Àbúrò mi, ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá àwọn adìẹ ẹ̀ jà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń yọ eyín yẹn? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ọkàn ni ò jókòó. Atẹ̀wé tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọgbọ́n ilé-ìwé bu iyọ̀ sí i. Ó ní kí n jókòó, pé òun ò lè máa kọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń rìn káàkiri. Mo ti jókòó báyìí. Mo tún ti dìde.

Ohun tó fà á rèé. O mọ ọmọ mi obìnrin, èyí tó jẹ́ pé ó máa ń fi ọwọ́ kan jẹun, tó máa ń fi ìkejì ṣí ìwé. Ilé ìkàwé yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún tó kọjá, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kó máa lọ láti ọ́fíìsì olùkọ́ kan sí òmíràn, kó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìwé olówó gọbọi tí apá àwọn ọmọ ò ká sílẹ̀, kí wọ́n lo ìwé ọ̀fẹ́. Èmi kọ́kọ́ rò pé ìwé tí wọ́n jí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá o, pé olùkọ́ bíi tiwọn ló jókòó kọ ọ́, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kẹ́ni tó bá wù ú dà á kọ, kó gé e, kó fi tiẹ̀ kún un. Ọmọ tó bá ní fóònù á kà á níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti orí pépà, a lè tẹ̀ ẹ́ fún un níbí ní ẹ̀dínwó.

Àmọ́ olùkọ́ àti ìwé tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́, bí arúgbó àti ọ̀pá ẹ̀ ni. O ò lè ṣàdédé já a gbà. Ọmọ mi náà kì í já a gbà. Á jókòó tì wọ́n, wọn á sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, á fi ibi tó wà nínú ìwé ọ̀fẹ́ hàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà, títí dé òpin. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ti gbà. Èyí tó ń kọ́ wọn ní ìtàn ṣe fáàrí díẹ̀, òun náà gbà. Ẹnì kan ló kù, àwọn ọmọ ń pè é ní Ìwé-Ńlá.

Ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn ló ń kọ́ wọn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ibi tí oúnjẹ ń gbà. Ìwé tó ń lò nípọn bí búlọ́ọ̀kù, abíyá ló máa ń há a sí níbikíbi tó bá ń lọ. Irinwó ọmọ ló máa ń gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá lọ́dọọdún, owó ìwé kan yẹn sì tó owó ilé oṣù méjì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọmọbìnrin mẹ́ta wá bá mi. Wọ́n ti dáwó jọ ra ẹyọ kan, wọ́n ní kí n là á sí mẹ́ta, kálukú á máa ka tiẹ̀, wọn á máa pààrọ̀. Ìwé tuntun o, àbúrò mi. Bí ẹni ń pa adìẹ tó ń yé lọ́wọ́ ló rí lára mi. Mo là á, mo rán ìdá kọ̀ọ̀kan, mo fi èèpo sí i. Wọ́n gbé méjì lọ, wọ́n ní àwọn á wá gba ìkẹta tí olùkọ́ bá dé ibẹ̀.

Wọ́n ti ṣe ìdánwò tán. Wọ́n ti bọ́ sí kíláàsì tó kàn. Ìdá kẹta ṣì wà lórí pẹpẹ mi lẹ́yìn ike gọ́ọ̀mù. Ìgbà tí wọ́n kó méjì yòókù wá pé kí n so wọ́n pọ̀ padà, mo wo etí ìwé níbi tí àtàǹpàkò máa ń kàn. Ti àkọ́kọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti ìkejì dọ̀tí dé ìdajì, ó dúró. N ò lè kàwé, àmọ́ mo dá ìwé tí wọ́n kà mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìwé-Ńlá fúnra ẹ̀ wá ṣe fọ́tòkọ́pì. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ló sọ fún ọmọ mi pé ìwé ọ̀fẹ́ yẹn ti fẹ́lẹ́ jù, kò lè gba gbogbo ohun tó wà nínú tòun. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo gbé ìdá kẹta sọ̀kalẹ̀, mo fẹ́ eruku orí ẹ̀, eruku lọ bà lé táì ọ̀gá. Mo to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ẹ̀, mo ní, “Ọ̀gá, ẹ wo etí wọn. Ìdajì ìwé yìí lẹ̀ ń kọ́ wọn. Ìdajì tó kù, ẹ kàn ń jẹ́ kí wọ́n rà á ni.”

Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà gbọ́. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kó pépà ẹ̀ láìtò ó, ó ní, “Ìyá, ẹni tí ò lè kàwé kọ́ ló máa bá mi wọn ìwé.” Ó jáde.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ mi ti gbọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ohun tó sọ ò ju pé, “Màmá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.” Láti ọjọ́ náà, Ìwé-Ńlá ò ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Àbúrò mi, ẹyin lohùn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ahọ́n mi ti kúrò nílé kí n tó rántí. Ká ní mo pè é sí kọ̀rọ̀ ni.

Òní ni wọ́n ń gba orúkọ ìwé ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ gbogbo olùkọ́, aago mẹ́rin ni wọ́n á ti ìlẹ̀kùn. Tí tiẹ̀ ò bá yí padà, irinwó ọmọ mìíràn á tún wá owó búlọ́ọ̀kù yẹn. Ọmọ mi ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ẹ̀ láti ọ̀sán. Èmi náà rèé. Mo ti rán ìwé ìwádìí ọmọ ọlọ́mọ ní ìdàkudà, ẹ̀yìn ẹ̀ wá síwájú, atẹ̀wé ló rí i. Abẹ́rẹ́ ti gún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ sí géètì, mo padà. Atẹ̀wé ní kí n mu omi. Mo mu ún. Omi ò mọ ohun tó ń ṣe mí.

Aago mẹ́rin ti lù. Ó ti kọjá díẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀, rárá, ẹni tó fẹ́ ra bírò ni.

Dúró ná. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló ń wọlé yìí. Atẹ̀wé, má dáwọ́ dúró, máa kọ ọ́. Ìwé ńlá yẹn wà lábíyá ẹ̀. Ó ti gbé e lé tábìlì mi, ó kọ etí ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Àbúrò mi, ìwé tòun fúnra ẹ̀ tó ti ń lò láti ọdún mẹ́rìndínlógún: ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti iwájú dé àárín, ó kọjá àárín díẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ó funfun bí eyín ọmọ tuntun.

Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun fi wò ó. Ó ní òun ti kọ orúkọ ìwé ọ̀fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù, òun sì ti buwọ́ lù ú, pé ọmọ mi ti sáré gbé e lọ kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn. Ó wá ń wo ọwọ́ mi, ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi gé e síbi tó dọ̀tí mọ.”

Bá mi kí ọkọ rẹ àti adìẹ ẹ̀. Mò ń lọ mú ọ̀bẹ.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Adìwé.