Orúkọ Yín Lábẹ́ Fọ́tò Ilé-Ẹ̀kọ́

Mọ́mì mi,

"Delpha, pa orúkọ ìyá rẹ rẹ́! Ìtàn ará ìlú là ń kọ, kì í ṣe ti ìsáǹsá!"

Ohun tí màmá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, lójú gbogbo àwọn tó ń ṣe ìwé ìtàn ìlú wa. Èmi ni mò ń kọ orúkọ sábẹ́ àwọn fọ́tò. Nínú fọ́tò ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin lẹ di okùn agogo mú, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mo gbọ́, mà," mo sì pa á rẹ́. Mi ò kúkú sunkún. Ara mi le, àgbàdo wa ti ga jù mí lọ.

Ẹ bá mi kí ológbò yín. Lọ́la, èmi ni màá gbé ìwé náà lọ fún atẹ̀wé. Orúkọ yín á ti padà síbẹ̀ kí n tó délé rẹ̀, ẹnì kankan níbí ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.