Ọwọ́ Fọláhànmí Lórí Àwòrán

Ọjọ́ Ajé, 5 Fẹ́búárì 2024. Àkúrẹ́.
Fọláhànmí ka odindi ojú ìwé kan lónìí, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan kà. Ọmọ wa ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́rọ̀ sí i: apá kan lábẹ́ awọ orí, apá kan lẹ́yìn etí. Èmi ń pe ti ẹ̀yìn etí ní Àlejò.
Ìyàwó mi, Ìbídùn, sunkún ayọ̀. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú òun yóò jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó, ọmọ fúnra rẹ̀ yóò sì ka ẹ̀kọ́ kíkà níwájú ìjọ.
Mo pàtẹ́wọ́. Kí ló dé tí ara mi ò balẹ̀?

Ìṣẹ́gun, 6.
Kò síná. Epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n kọjá agbára wa. Bátìrì Àlejò kú lọ́sàn-án — ilé dákẹ́ mọ́ ọmọ náà lára.

Ọjọ́rú, 7.
Mo fi ọwọ́ bo àwòrán ewúrẹ́ tó wà lókè ojú ìwé. Fọlá dákẹ́. Mo ṣí ọwọ́ — ó bẹ̀rẹ̀ sí kà bí rédíò tí wọ́n tàn. Mo tọ́ka sí "omi" nìkan. Ó wo ẹnu mi, kò wo ìwé.
Ní kíláàsì wọn, tíṣà á kà, gbogbo ọmọ á gbè é. Ó ti há a sórí. Etí ń ṣiṣẹ́. Ìwé kíkà ni kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ti kà á pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́rọ̀. Síbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹtì, 9.
Mo sọ fún Ìbídùn. "Bàbá Fọlá, ìwé ti pọ̀ jù lórí yín. Ọmọ tí ò gbọ́ ààrá rí ló ń kàwé, ẹ tún ń wá àléébù!" Mo ní kó fọwọ́ bo àwòrán. Kò bò ó. Ó ní òun ti mú kó há ẹ̀kọ́ kíkà náà sórí, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.
Òun náà ti mọ̀ nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 10. Oǹdó.
Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kọrin, ó tó."

Àìkú, 11.
Ìbídùn gba makirofóònù. Ó wo ọmọ, ó wò mí. "Ọmọ mi ń gbọ́rọ̀. Kò tíì mọ̀wé kà. Ẹ bá wa gbàdúrà." Ìjọ ò mọ̀ bóyá kí wọ́n ké Halelúyà. Màmá kan lẹ́yìn mi: "Ẹ̀rí wo rèé?"
Kò sẹ́ni tó rántí pé Fọlá ń gbọ́. Ó gbọ́. A padà sí ilé wa ní Ìsìkàn, nílùú Àkúrẹ́.
Ó wá gbé ìwé wá bá màmá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ bo ewúrẹ́ náà. Ó tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó pẹ́. Kò mọ̀ ọ́n.
Kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni.