Báyọ̀dé Mọ Ibi Tó Ń Lọ

Ọdún mẹ́wàá rèé tí wọ́n pa ọ́, Báyọ̀dé ọmọ ìyá mi. Àwọn èèyàn ní kí n máa sọ pé o lọ. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀! O ò lọ, wọ́n pa ọ́ ni! Ìdí ìbọn ni wọ́n fi pa ọ́ lójú ọ̀nà Ìgàndò, lọ́sàn-án gangan, nínú sùtánà funfun tí o fọwọ́ ara rẹ rán.

Oyún ti bàjẹ́ lára Adébùnmí ìyàwó rẹ rí. Nígbà tó tún lóyún, wòlíì ní kó o jẹ́ ẹ̀jẹ́: kó o fẹsẹ̀ rìn láti Ìkòtún dé pẹpẹ ìjọ wa ní Ìgàndò, láìwọ bàtà, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wàá fi kúnlẹ̀. Èmi ni mo bá ọ di ìgbànú láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn ọlọ́pàá dá ọ dúró. Wọ́n bi ọ́ pé níbo lò ń lọ, o nawọ́ síwájú, o ò fọhùn. Áà, ẹnu rẹ tí kì í dákẹ́ nílé! Wọ́n ní wọ́ndárìn lò ń ṣe. Wọ́ndárìn! Wọ́n la ìdí ìbọn mọ́ ọ lórí. Eyín rẹ yọ dànù, ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ funfun, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ọ́ lọ́rùn, síbẹ̀ o ò sọ̀rọ̀. Sìdíkátù aládùúgbò wa tó ń ta ọsàn níbẹ̀ pariwo fún wọn pé ẹ̀jẹ́ lò ń san, wọ́n sì fọ́ òun náà létí.

Ọ̀rọ̀ wọ́ndárìn yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo lọ bá Tíṣà Ọláníyan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni lẹ́nu àwọn òyìnbó, ó bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe yíyí àti lílọ́ tan, bí odò ṣe ń yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún. Kò ju kéèyàn máa rìn kiri lọ. Wọ́n ń lò ó fún àgùntàn tó ṣáko, àti fún ọkàn tó ń fò kiri nígbà àdúrà. Ẹ gbọ́ ná! Ta ló ń fi ìdí ìbọn lu àgùntàn tó ṣáko? Ó ní àwọn alágbára ilẹ̀ wọn ló sọ ìrìn tálákà di ẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n sì gbé òfin náà wá bá wa. Ó ní wọ́n tilẹ̀ ti pa òfin náà rẹ́ níbí kí wọ́n tó pa ọ́. Mo sunkún, mo ṣépè. Ẹni tó ń rìn kiri ò mọ ibi tó ń lọ, ìwọ mọ̀ ọ́n!

Oyún náà dúró, Báyọ̀dé. Gift lorúkọ ọmọ náà. Imú rẹ ló gbé wá, ẹnu rẹ náà sì ni, kì í dákẹ́! Adébùnmí ṣì ń fi máṣíìnì rẹ ránṣọ. Ilé tó o dá fáńdéṣọ̀n ẹ̀ sílẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, a ti kan òrùlé ẹ̀. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ọmọ kan ní ilé-ìwé sọ fún Gift pé alárìnkiri tí ọlọ́pàá pa ni bàbá ẹ̀. Gift fọ́ ọmọ náà lẹ́nu. Mi ò bá a wí, jàre. Ó délé, ó bi mí pé níbo gan-an ni bàbá òun ń lọ.

Ìdí nìyẹn tá a fi mú un lọ síbi tí o ṣubú sí lónìí. Ó wọ sùtánà tí ìyá ẹ̀ fi máṣíìnì rẹ rán, ó bọ́ bàtà, ó sì rin ìyókù ọ̀nà náà fún ọ. Ọmọ yìí tí kì í dákẹ́, kò fọhùn! Èmi ni mò ń sunkún bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà, mo sì tẹjú mọ́ wọn títí wọ́n fi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ ló tó lanu. Orúkọ rẹ ló kọ́kọ́ pè, ó ní bàbá òun ti dé.

O ti dé, Báyọ̀dé! Inú ṣì ń bí mi, àárò rẹ ṣì ń sọ wá, a sì fẹ́ràn rẹ títí ayé.

Èmi Tòún ẹ̀gbọ́n rẹ, Adébùnmí, àti Gift, ọmọ tí o tìtorí ẹ̀ rìn.