Òróró Tí Uncle Amos Dà sí Kànga

                                        Ojúlé Kẹtàlá, Heronfield Close,
                                        Thamesmead,
                                        London SE28.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Kabirat, ìyá Naheem, ọ̀rẹ́ mi tó sún mọ́ mi ju iyèkan lọ,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Alhaji Ṣàmsúdéènì ti le? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi í rìn dé mọ́sáláṣí láìmú ọ̀pá? Naheem ọkọ mi ńkọ́, ṣé ó ti rí èsì ìdánwò rẹ̀, àbí ó ṣì ń sọ fún yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mojọláolúwa wà ní yunifásítì, ó ń ná owó mi, ó sì ń sanra. Èmi alára, wọ́n ti yọ okùn tí wọ́n fi rán iwájú orí mi. Má pariwo. Jókòó. Mo ní kí o jókòó, Kabirat.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé òde òní. Nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ mi ló ń bọ̀ wá sí Abẹ́òkúta, òun ni mo fi rán. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí Wáásáàpù, kí n tó mí, o ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ ọ́. Kí lẹ́tà yìí sì tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí n ti kúrò nílùú.

Ìwọ náà gbọ́ nípa ìjì líle tó jà lápá gúúsù Màláwì nínú oṣù Kẹta, tí omi gbé odindi abúlé lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní a máa ṣèrànwọ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí omi ṣe irú ẹ̀ níbòmíràn, kóòtù òtútù la kó ránṣẹ́ sí àwọn tí oòrùn ń yan bí àgbàdo. Ojú tì wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Pásítọ̀ ní kí àwọn kan kọ́kọ́ lọ wo ohun táwọn èèyàn náà nílò gan-an, kí wọ́n bi wọ́n lójúlé-dójúlé, kí a tó ra ohunkóhun. Wọ́n mú èmi nítorí pé nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́n mú Uncle Amos nítorí pé ajíhìnrere ni, ó sì lẹ́nu. Ọkọ̀ ló ń wà kiri Woolwich lọ́jọ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó ń lé ẹ̀mí èṣù. Mo mọ̀ pé àgbà ni, ó sì jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n má bínú, nínú lẹ́tà yìí mi ò ní fi "wọ́n" pè é.

Namalindi ni wọ́n ń pe abúlé tí a lọ. Kabirat, omi burú! Gbogbo ilé alámọ̀ ló ti wó lulẹ̀. Òkú ewúrẹ́ há sórí igi, òórùn rẹ̀ gba gbogbo afẹ́fẹ́. Obìnrin kan mú aṣọ tó fi ń pọnmọ wá fi hàn mí. Ó ní bí òun ṣe di igi mú ni omi fa ọmọ yọ lẹ́yìn òun, òun ò sì mọ̀ títí òun fi fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Ó ń sọ ọ́ láìsunkún. Èmi ni mo sunkún.

Francis ló ń mú wa kiri. Òun ni òṣìṣẹ́ ìlera abúlé náà, ọmọ ibẹ̀ ni, ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀, Veronica, ló ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ níwèé. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu Francis. Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà, á kọ́kọ́ bá onílé ṣàwàdà kó tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Búláńkẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń rò láti London. Wọ́n ní ọkọ́ àti irúgbìn àgbàdo làwọn ń fẹ́, torí òjò ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bàbá arúgbó kan ní àwọn òyìnbó ti wá bi òun, àwọn ìjọba ti wá bi òun, ẹnu ti ń ro òun. Ó ní kí àwa náà máa bi òun, kí òun máa dáhùn lọ, ìgbà tí ebi bá pa òun kú ìbéèrè á tán. Francis ní ká má bínú. Inú ò bí mi, òótọ́ ni bàbá sọ.

Kànga kan ṣoṣo ló kù tí ẹrẹ̀ ò dí, ṣùgbọ́n omi ti gbá ìgbẹ́ inú ṣáláńgá gbogbo abúlé sínú rẹ̀. Francis ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má mu ún láìsè, ó ń retí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi. Igi ìdáná tútù rinrin, kí ni wọ́n fẹ́ fi sè é? Wọ́n ń mu ún bẹ́ẹ̀. Mo ń yẹ ọmọ kan tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru wò nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Uncle Amos ni, létí kànga. Ó ń fẹsẹ̀ jánlẹ̀, ó ń fi èdè àjèjì gbàdúrà, òógùn bò ó, ó ń pàṣẹ fún ẹ̀mí àìsàn kó jáde. Ó yọ ìgò òróró ìyàsímímọ́ lápò, ó sì da ìdajì rẹ̀ sínú omi náà lójú gbogbo àwọn obìnrin tó wá pọnmi.

Mo ní, "Uncle, kí lẹ ń ṣe yìí?"

Ó ní, "Sister Moráyọ̀, fi oògùn rẹ sílẹ̀. Ọlọ́run ti wo omi yìí sàn."

Obìnrin kan bi Francis ní èdè wọn pé kí ni àlejò dà sómi. Francis ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òróró àdúrà ni, òun mọ̀ wá, èèyàn òun ni wá. Ó ṣe onídùúró wa. Ohun tó pa á nìyẹn, Kabirat.

Kò pẹ́ rárá tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́lẹ́rà ni. Ó ti wà nínú omi náà ká tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló rí kòkòrò? Uncle Amos ni gbogbo ojú rí. Ọmọ-ọmọ baálẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, abiyamọ kan tẹ̀ lé e. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n wá bá wa.

Mo ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún àwọn aláìsàn ni òkúta àkọ́kọ́ bà mí níwájú orí. Mo rò pé nǹkan já láti òkè ni. Ẹ̀jẹ̀ dí mi lójú. Àwọn ọkùnrin ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá, àwọn obìnrin tó fún mi ní àgbàdo jẹ lánàá ọjọ́ náà ń ké lẹ́yìn wọn. Mi ò gbédè wọn, ṣùgbọ́n irú igbe yẹn ò nílò ògbufọ̀. Mo sá dé ìdí mọ́tò tí dẹ́rẹ́bà fi gbé wa wá. Uncle Amos ti wà nínú rẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá gíláàsì, mo ń pe orúkọ rẹ̀. Ó ń wò mí, ó ń pe Jésù, kò ṣílẹ̀kùn! Kabirat, kò ṣílẹ̀kùn!

Francis ló fà mí lọ sẹ́yìn mọ́tò. Ó ṣí búùtù, ó jù mí sínú ẹ̀ bí àpò gaàrí, ó kígbe sí dẹ́rẹ́bà pé kó máa lọ. Ó wá yíjú sí àwọn ará ilé rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo rí igi ọkọ́ tó gòkè. Mo gbọ́ bó ṣe bà á lórí. Ó kúnlẹ̀, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, wọ́n lù ú, wọ́n tún lù ú, wọ́n lù ú títí mi ò fi rí i mọ́ láàárín ẹsẹ̀ wọn. Èéfín ilé rẹ̀ ni mo rí gbẹ̀yìn. Veronica ti kó àwọn ọmọ gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Àwọn ọlọ́pàá gbé Francis dé ilé ìwòsàn, kò lajú títí ó fi kú. A ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú nígbà yẹn.

Mi ò lè bínú sí àwọn ará Namalindi. Bí Mojọláolúwa bá kú lẹ́yìn tí àjèjì da nǹkan sómi tó mu, òkúta tí màá jù á ju tiwọn lọ.

Veronica ló pè mí tó sọ fún mi. Òkú ọkọ rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì, baálẹ̀ ò sì gbà kó wọ ilẹ̀ abúlé. Wọ́n ní ẹni tó mú onímájèlé wọ̀lú ò lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ tí májèlé pa. Àwọn ẹbí bẹ̀bẹ̀ títí. Baálẹ̀ wá ní ó dáa, bó bá jẹ́ pé òróró àdúrà ni lóòótọ́, kí ẹni tó dà á wá mu ún lójú gbogbo abúlé. Lọ́jọ́ náà gan-an làwọn máa sin Francis ti bàbá rẹ̀. Ìwọ náà mọ bó ti burú tó kí wọ́n fi ilẹ̀ bàbá ẹni du ẹni lẹ́yìn ikú. Mo sọ fún Uncle Amos. Ó ní òun máa gbàdúrà sí i.

Àdúrà tó gbà ni pé ó ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá. Ó wọ kóòtù funfun, ó jó wọlé. Ó gba máìkì, ó ní Olúwa yọ òun lẹ́nu kìnnìún, irun orí òun kan ò já, kò sẹ́ni tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Mi ò mọ bí mo ṣe dé iwájú. Bàtà gogoro mi ti wà lọ́wọ́ mi. Mo là á mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ dà sára kóòtù funfun. Àwọn ọ́ṣà dì mí mú, mo gé ọ̀kan jẹ, gèlè mi bọ́, wíìgì mi tẹ̀ lé e, mo ṣì ń ké, "Amos, Francis ńkọ́? Francis ńkọ́?" Ẹnì kan fún mi lọ́rùn láti ẹ̀yìn títí ojú mi fi ń ṣú. Mi ò kábàámọ̀ o, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìyàwó rẹ̀, Mummy Ọlábímpé, dìde láàárín àwọn akọrin. Wọ́n ní, "Ta ni Francis?"

O ò rí i? Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kú.

Pásítọ̀ kó wa wọ ọ́fíìsì. Wọ́n ní ìjà ò dára, kóńtáínà tí a fẹ́ fi kó ẹrù ránṣẹ́ ti ń dúró, kí n sáà sọ ohun táwọn èèyàn náà nílò, ṣebí ohun tí wọ́n rán mi nìyẹn. Mo ní wọ́n nílò ọkọ́, irúgbìn àgbàdo, ìkòkò àti oògùn omi. Mo ní lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n nílò Uncle Amos. Pásítọ̀ ní kí n má ṣàwàdà. Mo ní mi ò ṣàwàdà. Uncle Amos tó fi yìnyín bo ẹnu sọ pé, "Ṣé kí wọ́n lọ pa mí ni?" Mo ní, "Wọ́n ti pa ẹnì kan dípò rẹ." Mo jáde. Mi ò lè wọlé mi, mo lọ jókòó sétí omi ní Birchmere, mo ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Àní omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ yẹn ń bí mi nínú. Ibẹ̀ ni mo ti fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní bí kò bá lọ, èmi á lọ, kí n lọ bẹ baálẹ̀.

Lánàá, wọ́n fẹ́ gbá ilẹ̀kùn mi wó. Mummy Ọlábímpé ni. Wọ́n di ọkọ wọn mú ní kọ́là bí ẹni mú olè, wọ́n ju pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sórí tábìlì mi, wọ́n gbé ìgò òróró tó kù tì í. Wọ́n ní, "Moráyọ̀, ọjọ́ wo lò ń lọ?"

Mo ní, "Ọjọ́bọ̀, Mummy."

Wọ́n ní, "Òun náà ń lọ. Bí kò bá lọ, èmi ni màá lọ, màá sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ọkọ mi ti kú."

Uncle Amos bú sẹ́kún. Ó sún mọ́ mi, ó rọra bi mí pé, "Ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ó dá ọ lójú pé kò ní ṣe mí ní nǹkan kan? Ó ti pẹ́ nínú mọ́tò, oòrùn ti pa á." Kabirat! Òróró tó dà sómi ọmọ ọlọ́mọ! Kí n tó la ẹnu, ìyàwó rẹ̀ ti fọ́ ọ létí, pàá! Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Baálẹ̀ ti ṣèlérí, ṣùgbọ́n baálẹ̀ kọ́ ló ń sọ òkúta. Má sọ fún Màámi. Bí o bá bá Mojọláolúwa sọ̀rọ̀, sọ fún un pé iṣẹ́ ni mo lọ ṣe. Bí nǹkan bá ṣe mí, ìwọ ni ìyá rẹ̀. Mi ò bẹ̀ ọ́, mo ń sọ fún ọ ni. Bá mi kí Alhaji, sọ fún wọn pé kí wọ́n fi mí sínú àdúrà Jímọ̀, mi ò yan èyí tó máa gbà mọ́. Bá mi fa Naheem létí, kó mú èsì jáde.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà yìí nígbà tí Veronica tún pè. Mo sọ fún un pé à ń bọ̀, pé Uncle Amos náà ń bọ̀. Kò dúpẹ́. Mo ń retí kó bú mi, kò bú mi. Ó wá bi mí pé, ṣé kí àwọn ọkùnrin ti máa gbẹ́ sàréè ni, àbí kí wọ́n dúró títí Uncle Amos á fi mu òróró náà. Mo ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ.

                                        Èmi ni tìrẹ, alágídí ọ̀rẹ́ rẹ,
                                        Moráyọ̀.