Ìyá Abẹ́rẹ́ Padà sí Kíláàsì

Ìdílé olóògbé kí gbogbo ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá dúró tì wá lónìí. Ẹ ṣeun púpọ̀. A ò ní fi irú èyí san án fún yín.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1946 ni wọ́n bí Màmá wa, ní abúlé kékeré kan létí odò, nínú àfonífojì. Apẹja ni bàbá wọn, ìyá wọn sì ń hun ẹní. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún.

Ní oṣù kẹta ọdún 1954, ìjọba sé odò náà láti fi pèsè iná mànàmáná, gbogbo abúlé sì ní láti kó kúrò kí omi tó bò ó. Ọmọ ọdún méje ni Màmá nígbà náà. Wọ́n sọ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù wá kó àwọn, ìyá àwọn gbá ilé náà mọ́ tónítóní, wọ́n sì tì í ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá wọn di àwọ̀n ìpẹja wọn mú títí ọkọ̀ fi dé ibùdó tuntun tí ìjọba pèsè.

Ibùdó náà ni Màmá ti lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gba ipò kejì nínú ìdánwò àṣejáde ní 1960. Ọdún náà gan-an ni bàbá wọn kú. Ọmọ kan péré ni agbára ìyá wọn ká láti rán lọ síwájú, Màmá sì fi àyè náà sílẹ̀ fún àbúrò wọn ọkùnrin, àwọn wá lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. A ò gbọ́ kí wọ́n ráhùn lórí rẹ̀ rí. Àbúrò wọn ló sọ fún wa pé gbogbo ìgbà tí òun bá wálé fún ìsinmi, Màmá á gba ìwé òun, wọ́n á sì kà á láti èèpo dé èèpo kí òun tó padà.

Ní 1967, wọ́n gba Màmá síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, nínú yàrá olójú fèrèsé kan lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi lẹ aṣọ ibùsùn tó ya níbẹ̀, tí wọ́n sì ń rán kọ́tìnì àti aṣọ iṣẹ́ abẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ wọ́n ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Orúkọ náà dá wàhálà sílẹ̀ díẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti pè é ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo aláìsàn tó bá lè rìn máa ń sá lọ.

Yàrá yẹn ni bàbá wa, oníṣẹ́ iná mànàmáná ilé ìwòsàn, ti pàdé wọn. Gílóòbù kan ni bàbá wa wá pààrọ̀; odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1969, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní 2009.

Nínú ìjọ, Màmá ló ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akọrin bẹ̀ wọ́n tìfẹ́tìfẹ́ pé kí wọ́n má ṣe bá àwọn kọrin. Ọpẹ́ ló máa ń pọ̀ jù nínú àdúrà wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọmọ ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nípa ìtàn agbègbè wa, èyí tí yunifásítì kan ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ó ní kí Màmá jókòó ti òun kí oorun má baà gbé òun lọ. Oorun gbé e lọ náà ni. Màmá ò sùn ní tiwọn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní kó fi orúkọ àwọn náà sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ kíláàsì, Màmá á wẹ̀, wọ́n á múra, wọ́n á wọ bàtà, kí wọ́n tó jókòó sídìí tábìlì níwájú kọ̀ǹpútà. Bí a bá ní kò sẹ́ni tó ń rí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á ní àwọn mọ̀ pé àwọn wọ bàtà. Wọ́n á kí olùkọ́, wọ́n á béèrè àlàáfíà ará ilé rẹ̀, wọ́n á sì tọrọ àyè kí wọ́n tó dìde lọ tọ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi ń béèrè bóyá Màmá ti dé.

Lọ́sẹ̀ keje, ẹ̀kọ́ kan odò tí ìjọba sé. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé tayọ̀tayọ̀ ni àwọn ará àfonífojì fi ṣí lọ sí ibùdó tuntun. Màmá pa kọ̀ǹpútà dé. Wọn ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n máa kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù dé. Olùkọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kéré sí àbígbẹ̀yìn wọn, fún wọn ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó sì béèrè inú ìwé tí wọ́n ti kà á.

Màmá dá a lóhùn níwájú gbogbo kíláàsì. Wọ́n ní, “Olùkọ́ mi, mi ò kà á níbì kankan. Ó ṣojú mi ni.”

Olùkọ́ náà tọrọ àforíjì. Ó wá ní ohun tó ṣojú ẹnì kan ò tíì tó, kí Màmá wá àwọn mìíràn tó ṣojú wọn. Inú bí wa nílé. Ọ̀kan nínú àwa ọmọ, tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù, ti ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. Màmá ní kó ya á, pé iṣẹ́ ni olùkọ́ fún àwọn, kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn àti ọmọ ọmọ wọn fi ń wọ bọ́ọ̀sì kiri. Wọ́n rí ẹni mẹ́rin, wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù. Awakọ̀ kan wà nínú wọn tó wà lára àwọn tó kó wọn lọ́jọ́ náà. Ó ní ọ̀pọ̀ ilé tí òun já èèyàn sí ni kò tíì ní òrùlé. Ẹni kẹrin, ìyá arúgbó kan, sọ òdìkejì. Ó ní odò yẹn ti gbé àbúrò òun méjì lọ, ijó ni òun jó gun ọkọ̀ náà.

Ọjọ́ méjì ni Màmá fi ro ọ̀rọ̀ ìyá yìí. Ọmọ ọmọ wọn ní kí wọ́n yọ ọ́, pé ẹni mẹ́ta tó. Wọ́n ní, “Bí mo bá yọ ọ́, kí ni mo wá fi sàn ju ìwé tí mò ń bá jà?” Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ.

Mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi yege. Yunifásítì náà tún ẹ̀kọ́ keje kọ, ohùn àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà nínú rẹ̀ títí dòní. A dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ náà, tó wà láàárín wa níbí.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, 2024, àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn sọ ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ojú ìwé kọkànlá ni wọ́n wà tí wọ́n fi sùn ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, láìjẹ̀rora. Nọ́ọ̀sì náà ti wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì láti sọ èyí tó kù. Àwa ló ń bá Màmá kọ ọ́ lọ.

Wọ́n fi àbúrò ọkùnrin kan sílẹ̀ sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta: káfíńtà, akọ̀wé kóòtù àti olùkọ́bìnrin, ọmọ ọmọ mẹ́jọ, àti ọmọ ọmọ ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá.

Màmá wa, ẹ ṣeun tí ẹ bí wa, ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ wa. Kí ilẹ̀ tura fún yín. Ẹ sùn dáadáa o.