Ìṣákọ́lẹ̀ Tí Afárá San

(Èmi Qúdrát ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Bàbá bàbá mi, Bàbá Sàídì, ló ń pe ọ̀rọ̀ nítorí wọn kò kàwé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààlà oko kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí fóònù.)

                                        Oko Àbàtà,
                                        Ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà,
                                        Ẹdẹ.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Àtàndá, ẹnìkejì mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Àwọn ará ilé ní Awo ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà ọ́ láyè láti kírun? Ọyẹ́ mú níhìn-ín, gbogbo ètè mi ti là, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Ẹni tó mọ ààlà oko bàbá mi kò ju èmi àti ìwọ lọ mọ́. Afárá tuntun orí odò wa ń rìn wọ oko. Má rẹ́rìn-ín. Mo gbin pèrègún sí ibi tí kọnkéré rẹ̀ parí sí gan-an. Nígbà tí oòrùn Ẹrẹ́nà mú, kọnkéré tì í, pèrègún sì tẹ̀ sẹ́yìn.

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá Ìníolúwa, obìnrin ẹnjiníà tó ń bójú tó afárá. Ó ní òótọ́ ni. Àwọn afárá àtijọ́ ní àlàfo tí wọ́n fi irin bò, kí afárá lè rí ibi nà sí nínú ooru. Ṣùgbọ́n omi òjò a máa gba ibẹ̀ wọlé, irin á dípẹtà. Nítorí náà wọn kò dá àlàfo sí tiwa. Odindi rẹ̀ ló ń nà, tó ń fi orí méjèèjì ti iyẹ̀pẹ̀. Ó ní kò ju ìbú ìka kan lọ.

Mo ní bí mo bá dákẹ́ lórí ìka, apá ló kàn, àwọn ọmọ mi kò sì ní rí ibi gbin ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ń lo ilẹ̀ onílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san; kí afárá fi iṣu san tirẹ̀. Àwáwù ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú, pé ta ló ń gba iṣu lọ́wọ́ afárá. Kò pẹ́, Ìníolúwa gbé iṣu wá, ó kúnlẹ̀, ó ní afárá ní kí òun kí mi. A jẹ iṣu náà. Mo rò pé ó parí.

Ọyẹ́ dé, afárá súnkì. Àlàfo ṣí láàárín òun àti pèrègún, iyẹ̀pẹ̀ oko sì ń ya sínú rẹ̀, síbi tí afárá wà tẹ́lẹ̀. Ìníolúwa dé lánàá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó.

“Bàbá, iyẹ̀pẹ̀ ta nìyí?”

Mo yára dáhùn pé ti bàbá mi ni.

“Orí ilẹ̀ afárá ló wà yìí o. Iṣu tiwa dà?”

Àwáwù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àtàndá, o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé wa rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀, mo ti fọwọ́ ara mi ba òfin tí mo fi gba tèmi jẹ́. Láàárọ̀ yìí mo gbé iṣu lọ sí ìdí afárá, mo kí i, mo gbé e kalẹ̀.

Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ rẹ. Bí oòrùn Ẹrẹ́nà bá tún mú, wá dúró ti pèrègún, kí o ṣe ẹlẹ́rìí mi. Afárá ló kàn láti san.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,

Sàídì (àtàǹpàkò rẹ̀ rèé)

Ẹlẹ́rìí: Àwáwù, ìyàwó rẹ̀.
Ẹlẹ́rìí: Ìníolúwa, ẹnjiníà, ní orúkọ afárá.