Báàsì Ni Bàbá Rẹ Ṣì Ń Kọ

Ilé Láyíwọlá,
Ìdí-Ọsàn, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Motọ́lání ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ará ilé yín ní Sùúrùlérè náà wà lálàáfíà? Ọlọ́run tó mú ọ lọ sí Àbújá tó sì mú ọ padà, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú títì, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ara èmi àti ìyá rẹ le, àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ dúdú yẹn sì bí ìbejì. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni pé mo fẹ́ kí o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí o kúrò nílé, torí pé kí o tó ti Àbújá dé, Edith ará ilé yín ti sìn mí dé ìdí ọkọ̀ ní Ọ̀yìngbò, mo ti ń bọ̀ nílé. Lórí fóònù, bí o bá ti pè ni wàá máa pariwo, èmi náà á máa pariwo, àwọn ará àdúgbò á rò pé à ń jà.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí n tó wá sọ́dọ̀ rẹ. Ọ̀gá Akínyẹlé tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin wa ní Mẹ́tọ́díìsì ti fẹ̀sọ̀ sọ fún mi pé kí n lọ máa jókòó sáàárín ìjọ, pé ohùn mi ti ń bo ti gbogbo báàsì mọ́lẹ̀, ó sì ti ń yà kúrò nínú orin, mi ò sì mọ̀. Kò bínú sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù. Láti ìgbà náà, bí ìjọ bá ń kọrin, ẹnu lásán ni mò ń là, mi ò gbé ohùn jáde.

Níbi tí o ti mú mi lọ wo etí ní Yábàá, ìta ni ìwọ jókòó sí, nítorí náà o ò mọ bí ìdánwò inú yàrá kékeré yẹn ṣe le tó. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan bò mí létí, ó ní bí n bá ti gbọ́ píì, kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo ní èmi ò ní féèlì lójú ọmọ mi, ni mo bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, bí mo gbọ́, bí mi ò gbọ́. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó ní, Bàbá, ẹ̀rọ ò tíì ké rárá tí ẹ ti ń tẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í féèlì níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fi ìlà tó yà hàn mí, tí ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sódò, mo mọ̀ pé mi ò pàásì.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n fi sí mi létí, mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa báyìí. Kì í ṣe fóònù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò yíká, kò ní ibi tí wọ́n ń ki síìmù sí. Àwọn tó bá wà níwájú mi nìkan ló lè pè mí lórí rẹ̀. Ṣàíbù tó ń ta bẹntiróòlù níwájú ilé wa kò gbà, ó ní kí n bá òun bi àwọn oníná léèrè ìgbà tí iná máa dé. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ náà ké píì-píì-píì, mo ní alẹ́ẹ̀tì ti wọlé, pé ìwọ lo fowó ránṣẹ́, mo wọ ṣòkòtò, mo lọ bá ọmọbìnrin oní-POS tó wà ní oríta, ó ní kò sí nǹkan kan. Bátìrì ló ń kú lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi kọrin nílé rẹ, lọ́jọ́ kejì tí o lọ sí Àbújá, ọkàn mi bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń dún kedere, àmọ́ orin ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí họ agolo. Bí mo bá fa ohùn gùn, ẹ̀rọ náà á máa gbọ̀n ọ́n bí ẹni tí òtútù mú. Mo yọ ọ́, mo gbé e sórí tábìlì, mo jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni Edith tó ń gbé yàrá òdìkejì bá mi. Ó bi mí ohun tó ṣe mí, mo sọ fún un. Ó ní kí n dìde kí n wọ bàtà, pé àwọn máa kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Yábàá nírọ̀lẹ́ yẹn, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tí òun fẹ́ kí n rí.

Ẹni náà ni Jude. Tíṣà ni. Àìsàn ló mú etí rẹ̀ lọ nígbà tó wà ní kékeré, ẹ̀rọ wà ní etí rẹ̀ méjèèjì, báàsì ló sì ń kọ. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n kàn ń ṣàánú rẹ̀ ni. Àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Ó fi ọwọ́ kan lé ara dùùrù àtijọ́ onígi tó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu ẹni tó ń darí wọn, ohùn rẹ̀ sì ń jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó rinlẹ̀. Ó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó dúró tì í fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó padà bọ́ sínú orin.

Nígbà tí wọ́n sinmi, mo bi í bóyá kì í tì í lójú. Ó ní ó ti òun lójú fún ọdún púpọ̀, àmọ́ nígbà tó yá òun rí i pé àìkọrin ń dun òun ju ìtìjú lọ. Ó ní ohùn báàsì kì í gba etí nìkan wọlé, ó ń gba igi, ó ń gba ilẹ̀, ó ń gba egungun àyà. Ó gbé ọwọ́ mi lé dùùrù, ó ní kí wọ́n tẹ ohùn ìsàlẹ̀ kan. Mo gbọ́ ọ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, títí ohùn tó wà láyà mi àti èyí tó wà lọ́wọ́ mi fi di ọ̀kan. Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Jude náà ló tún mú mi padà lọ bá àwọn oníṣẹ́ etí, ó sọ fún wọn pé akọrin ni mí. Wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi kó ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì sínú rẹ̀, wọ́n ní kò gba ìwé, àmọ́ wọ́n ṣe é tó jẹ́ pé bí mo bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á pa ọ̀rọ̀ tì, á gbájú mọ́ orin. Kò dún bíi ti àtijọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n agolo yẹn ti lọ.

Mo dé ilé, mo lọ bá Ọ̀gá Akínyẹlé. Mo ní kó jẹ́ kí n dúró ti dùùrù kí n fi ọwọ́ kàn án, kó sì máa fọwọ́ sọ fún mi bí ohùn mi bá ti ń pọ̀ jù. Ó ní òun ò lè fi mí sínú áńtẹ́ẹ̀mù torí ó yára jù, àmọ́ kí n wá bá wọn kọ orin ìwé méjì lọ́jọ́ Ìkórè. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo dúró ti dùùrù, mo gbé ọwọ́ lé e. Bí Akínyẹlé bá rọ ọwọ́ sílẹ̀, mo rọ ohùn sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ pọ̀, a sì parí pọ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ìyá rẹ ń rìn bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní bàbá yìí sáré ju àwọn yòókù lọ ní ẹsẹ kẹta. Mo yíjú padà, mo ní mi ò sáré. Ìyá rẹ dúró lójú kan, ó ń wò mí. Ó ti pẹ́ tí a ti bára wa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Motọ́lání, torí bí èèyàn bá mọ̀ pé òun máa pariwo kí wọ́n tó gbọ́ òun, ohun tó ṣe pàtàkì nìkan ló máa ń sọ. A jiyàn náà dé ilé, a jiyàn rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó sì dùn mọ́ mi nínú bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ.

Jọ̀ọ́, bá mi fi bátìrì kéékèèké yẹn ránṣẹ́. Má ra ti tọ́ọ̀ṣì, mo ti dán an wò, kò wọlé. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Edith àti Jude. Bí nǹkan bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó díẹ̀ kún un kí n fi rán aṣọ akọrin tuntun, torí pé ti tẹ́lẹ̀ ti gbó, Ọ̀gá Akínyẹlé sì ti ní kí n máa bọ̀ wá bá wọn kọ́ orin ní gbogbo Sátidé.

Ọlọ́run á tọ́jú rẹ fún wa. Ohun rere ni etí rẹ á máa gbọ́, ilé ayọ̀ sì ni wọ́n á ti máa gbọ́ ohùn tìrẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Láyíwọlá.